Àfojúsùn Iṣẹ́ Àgbàṣe fún Okòwò Kéékèèké Lọ́dọ̀ Àwọn Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti orí ọkọ̀ òfurufú ogun títí dé orí bébà ìtẹ̀wé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í rà. Òfin sì ní kí apá kan pàtó nínú owó tí ìjọba fi ń gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde máa dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ kékeré. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí wọ́n ṣe ń pinnu apá náà, bí wọ́n ṣe ń pín in láàárín àwọn àjọ, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá àjọ kan ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹni tó bá ka ìròyìn pé ìjọba ti kọjá àfojúsùn rẹ̀ lọ́dún kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kà mọ́ ìṣirò àti ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀.

Kí ni àfojúsùn tí à ń sọ yìí gan-an?

Àfojúsùn ni ìdá tí òfin là sílẹ̀ pé ó yẹ kí ó dé ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ kékeré nínú owó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀ láàárín ọdún ìṣúná kan, ìyẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e. Márùn-ún ni àfojúsùn tó wà nínú òfin fún ìjọba lódindi. Èkínní ni ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo iléeṣẹ́ kékeré. Ìdá 5 wà fún iléeṣẹ́ kékeré tí obìnrin ni, ìdá 5 fún ti àwọn tí ipò wọn láwùjọ àti nínú ọrọ̀-ajé ti fà sẹ́yìn, ìdá 5 fún ti àwọn ológun-fẹ̀yìntì tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ ogun, àti ìdá 3 fún àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní àwọn agbègbè tí ọrọ̀-ajé wọn kò gbèrú, èyí tí wọ́n ń pè ní HUBZone. Àwọn mẹ́rin yìí wà nínú ìdá 23 náà, a kì í rò wọ́n mọ́ ọn.

Níbo ni ìdá 23 yìí ti wá?

Ọdún 1953 ni Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin tó dá àjọ SBA sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ okòwò kéékèèké, tí Ààrẹ Eisenhower sì fọwọ́ sí i. Òfin náà sọ pé ó yẹ kí okòwò kéékèèké rí ìpín tó tọ́ nínú ohun tí ìjọba ń rà, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí ìpín tó tọ́ jẹ́. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978, òfin tuntun kan pàṣẹ pé kí olórí àjọ kọ̀ọ̀kan máa fikùn lukùn pẹ̀lú SBA lọ́dọọdún láti gbé àfojúsùn tirẹ̀ kalẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló sọ ọ́ di dandan kí àjọ kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì tí yóò máa jà fún okòwò kéékèèké láti inú ilé.

Ọdún 1988 ni ìdá kan pàtó kọ́kọ́ wọ inú òfin fún ìjọba lódindi. Ìdá 20 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìdá 5 fún àwọn tí ipò wọn ti fà sẹ́yìn. Ti àwọn obìnrin wọlé ní ọdún 1994. Ní ọdún 1997, wọ́n gbé ìdá 20 sókè sí 23, wọ́n sì dá ètò HUBZone sílẹ̀ pẹ̀lú àfojúsùn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá 1, tó sì gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 3 ní ọdún 2003. Ọdún 1999 ni wọ́n fi ìdá 3 fún àwọn ológun-fẹ̀yìntì kún un, òfin ètò ààbò tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2023 ló sì sọ ọ́ di 5. Ìdá 23 fúnra rẹ̀ kò tíì yí padà láti ọdún 1997, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọjá rẹ̀.

Ta ló ń pinnu iye tí àjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé bá?

Òfin kò fún àjọ kankan ní ìdá 23 ní tààràtà. Ohun tó sọ ni pé àfojúsùn gbogbo àjọ, bí a bá rò wọ́n pọ̀, kò gbọdọ̀ kéré sí ti ìjọba lódindi, àti pé àfojúsùn àjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fún okòwò kéékèèké ní àǹfààní tó pọ̀ jù lọ tó lè ṣeé ṣe ní àjọ náà. Gbólóhùn kejì yìí ni gbogbo ìdúnàádúrà rọ̀ mọ́, nítorí pé ohun tó lè ṣeé ṣe lójú SBA kì í sábà jẹ́ ohun tó lè ṣeé ṣe lójú ẹni tí wọ́n ń gbé ẹrù lé lórí.

Kí ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà ti ń lọ. SBA yóò yẹ èsì àjọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún tó ti kọjá wò, yóò wo irú ohun tí àjọ náà ń rà àti bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, yóò sì wá dá ìdá kan lábàá. Àjọ náà lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlàyé. Ó lè sọ, fún àpẹẹrẹ, pé iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn iléeṣẹ́ kékeré ń ṣe yóò parí lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí pé owó tuntun tí aṣòfin fún òun wà fún ohun èlò kan tí iléeṣẹ́ ńlá méjì péré ń ṣe. Bí àwọn méjèèjì kò bá fẹnu kò, ọ̀rọ̀ náà yóò lọ síwájú ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlànà ohun rírà ìjọba ní abẹ́ iléeṣẹ́ ìṣúná Ààrẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń fi òpin sí i.

SBA náà ní ìṣirò tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ó bá jẹ́ kí àjọ ńlá kan sọ ìdá rẹ̀ kalẹ̀, ó di dandan kó wá ohun tí yóò fi dí i lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Iléeṣẹ́ ètò ààbò nìkan ló ń ná owó tó ju ìdajì gbogbo owó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀ lọ, nítorí náà bí iléeṣẹ́ náà bá yẹ̀ ní ìdá kan péré, àwọn àjọ kéékèèké mélòó kan kò lè fi ìsapá wọn tún un ṣe. Mo gbà pé ìjíròrò SBA pẹ̀lú iléeṣẹ́ ètò ààbò ló ń pinnu ọdún, ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ìdá àpapọ̀ fún okòwò kéékèèké àti ti iṣẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá ń pín jáde ni wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí báyìí. Ní ti àwọn ẹ̀ka mẹ́rin yòókù, ohun tí SBA máa ń ṣe ni pé yóò gbé ìdá tó wà nínú òfin lé àjọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ bó ṣe wà.

Kí ló dé tí àfojúsùn àjọ kan fi lè kéré gan-an sí ti òmíràn?

Ohun tí àjọ ń rà ló fà á. Àjọ NASA ń ra rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, àfojúsùn rẹ̀ sì máa ń wà nísàlẹ̀ ìdá 23 dáadáa. Ti iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára tún ṣàrà ọ̀tọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń lọ sórí àdéhùn ńláńlá tí wọ́n fi ń darí àwọn ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ bíi Los Alamos àti Oak Ridge, iléeṣẹ́ kékeré kò sì lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tààràtà. Ilé Aṣòfin wá gbà fún un ní ọdún 2014 pé kí ó máa ka iṣẹ́ tí àwọn olùdarí ilé ìwádìí wọ̀nyí bá gbé fún iléeṣẹ́ kékeré bí ẹni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló gbé e fún wọn. Àwọn kan gbà pé ìdájọ́ òdodo ni, àwọn mìíràn ní ìyípadà orí bébà lásán ni. Ní ojú tèmi, ó tọ́ láti ka owó náà níbì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn àjọ tí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣòro láti fi àjọ kan wé èkejì.

Owó wo ni wọ́n ń pín, kí wọ́n tó sọ pé ìdá báyìí ló dé ọwọ́ okòwò kéékèèké?

Owó tí SBA kà sí èyí tí okòwò kéékèèké lè jẹ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n, kì í sì í ṣe gbogbo owó tí ìjọba ná. Wọ́n máa ń yọ ohun tí òfin ti ní dandan kí ìjọba rà níbì kan pàtó, bíi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba àwọn afọ́jú àti àwọn aláàbọ̀ ara sí iṣẹ́. Wọ́n ń yọ ohun tí ìjọba bá rà lórúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìrajà kéékèèké tí òṣìṣẹ́ ń fi káàdì ìjọba san kì í sábà wọ inú àkọsílẹ̀ rárá. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní òkè òkun kò sí nínú ìṣirò náà, kí SBA tó fi í kún un.

Ibi tí àríyànjiyàn tó le jù ti ń wáyé nìyí. Gbogbo owó tí wọ́n bá yọ kúrò nínú àpapọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n ń gbé ìdá sókè láìjẹ́ pé dọ́là kan ṣoṣo kún àpò iléeṣẹ́ kékeré. Àwọn alátakò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin ni àpapọ̀ iye gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe, èyí tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìyọkúrò kankan. SBA ń dáhùn pé kò bá ọgbọ́n mu láti fi owó tí iléeṣẹ́ kékeré kò lè fọwọ́ kàn díwọ̀n àjọ. Àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé ṣe ni pé, bí ó bá rí ìdá kan nínú ìròyìn, kí ó wo iye dọ́là tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Irú iléeṣẹ́ wo ni wọ́n ń pè ní kékeré?

Ó yàtọ̀ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́. SBA ní òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ètò ìpínsísọ̀rí iṣẹ́ ajé Àríwá Amẹ́ríkà. Ìpíndọ́gba owó tó wọlé fún iléeṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún ni wọ́n ń wò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìsìn àti iṣẹ́ ìkọ́lé, iye òṣìṣẹ́ sì ni fún àwọn tó ń ṣe ọjà jáde. Iléeṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan òṣìṣẹ́ lè jẹ́ kékeré nínú iṣẹ́ kan, kí ó sì ti tóbi jù nínú òmíràn. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti olówò aládàáni tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá kankan, nítorí pé wọ́n máa ń ka gbogbo iléeṣẹ́ tó ní àjọṣe ìdarí pọ̀ bí ọ̀kan.

Bí iléeṣẹ́ kékeré bá dàgbà tàbí tí iléeṣẹ́ ńlá bá rà á ńkọ́?

Nígbà kan rí, àjọ lè máa ka owó irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí àdéhùn fi parí, ì báà jẹ́ ogún ọdún. Láti oṣù kẹfà ọdún 2007, iléeṣẹ́ tí wọ́n bá rà tàbí tó da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn gbọ́dọ̀ tún ipò rẹ̀ sọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, èyí tó bá sì ní àdéhùn tó ju ọdún márùn-ún lọ gbọ́dọ̀ tún un sọ kí ọdún kẹfà tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kékeré mọ́, iṣẹ́ náà lè máa bá a lọ, ṣùgbọ́n àjọ kò lè kà á mọ́ àfojúsùn rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Ṣé owó kan ṣoṣo lè wọ inú àfojúsùn ju ẹyọ kan lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí obìnrin kan tó jẹ́ ológun-fẹ̀yìntì tó fara gbọgbẹ́ bá ní iléeṣẹ́ tó wà ní agbègbè HUBZone, tó sì ní gbogbo ìwé ẹ̀rí tó yẹ, dọ́là kan tí àjọ bá san fún un lè wọ inú àfojúsùn mẹ́rin pọ̀. Òfin fàyè gbà á. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ro èsì àwọn ẹ̀ka pọ̀ bí ẹni pé ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìwé ẹ̀rí ti wá le sí i. Ní ti àwọn ológun-fẹ̀yìntì, tẹ́lẹ̀ rí, ó tó kí ẹnì kan fẹnu ara rẹ̀ sọ ipò rẹ̀ kí àjọ tó lè kà á, ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2024, iléeṣẹ́ tí SBA bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń kà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àfojúsùn àwọn tí ipò wọn ti fà sẹ́yìn?

Òun ni ẹ̀ka tí ìṣèlú ti tì síwá-sẹ́yìn jù lọ. Ìdá 5 ló wà nínú òfin láti ọdún 1988, àwọn àjọ sì ti ń kọjá rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kí ọdún 2021 tó dé. Lọ́dún náà, Ààrẹ Biden kéde pé òun fẹ́ kí ìpín wọn fi ìdajì ròkè sí i láàárín ọdún márùn-ún. Wọ́n wá fi àfojúsùn ìjọba lódindi sí ìdá 11 ní ọdún ìṣúná 2022, ìdá 12 ní 2023, ìdá 13 ní 2024, pẹ̀lú èrò láti dé 15 ní 2025. Ní oṣù keje ọdún 2023, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee dá SBA lẹ́kun láti máa gbà láìbéèrè pé ẹ̀yà kan pàtó ti fà sẹ́yìn láwùjọ, nígbà tí iléeṣẹ́ kan pe ẹjọ́ tako ètò tí wọ́n ń pè ní 8(a), èyí tó ń ran iléeṣẹ́ àwọn tí ipò wọn ti fà sẹ́yìn lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ ìjọba gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Trump dá àfojúsùn náà padà sí ìdá 5.

Ohun tí ìtàn yìí ń fi hàn nípa bí àfojúsùn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ìdá tó wà nínú òfin ni ilẹ̀, àwọn aláṣẹ lè kọ́ ilé gíga lé e, ìjọba tó bá tẹ̀ lé e sì lè wó o láìjẹ́ pé aṣòfin kan dìbò. Ẹni tó bá gbé okòwò rẹ̀ ka orí àfojúsùn tí kò sí nínú òfin ní láti mọ èyí.

Iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ńlá pín fún iléeṣẹ́ kékeré ńkọ́?

Ó ní àfojúsùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Agbaṣẹ́ṣe ńlá tó bá gba iṣẹ́ tó kọjá iye kan, tó ti wà ní 750,000 dọ́là fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e sókè ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, gbọ́dọ̀ kọ ètò bí yóò ṣe pín nínú rẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ kékeré, tí àǹfààní àtipín in bá wà. Yóò máa jábọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjọ tó gbé iṣẹ́ fún un yóò sì ka ohun tó bá ṣe mọ́ àfojúsùn tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ti iṣẹ́ tí ìjọba gbé fúnni ní tààràtà, nítorí pé agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye tó pín.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Bí ìjọba bá gbé iṣẹ́ tí ó yà sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ kékeré, gbogbo owó rẹ̀ ló wọ inú àfojúsùn, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ náà lè san tó ìdá 50 fún ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ ìsìn, ó sì lè san tó ìdá 85 nínú iṣẹ́ ìkọ́lé gbogbogbòò. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí iṣẹ́ ìkọ́lé ṣe rí nìyẹn. Síbẹ̀, owó tí wọ́n kà sí ti kékeré àti owó tó dúró lọ́wọ́ kékeré lè jìnnà síra.

Báwo ni wọ́n ṣe ń díwọ̀n èsì àjọ?

Láti ọdún ìṣúná 2006 ni SBA ti ń gbé ìwé èsì jáde fún àwọn àjọ ńlá 24, máàkì tó ń lò báyìí sì bẹ̀rẹ̀ láti A+ títí dé F. Inú àkójọ dátà ìrajà ìjọba, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń buwọ́ lu iṣẹ́ àgbàṣe ń kọ àkọsílẹ̀ sí, ni wọ́n ti ń fa iye owó yọ. Iṣẹ́ àgbàṣe tààràtà ló ń kó ìdajì máàkì, iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe pín jáde ń kó ìdá 20, bí àjọ ṣe ń tẹ̀ lé òfin tó dá ọ́fíìsì okòwò kéékèèké rẹ̀ sílẹ̀ ń kó ìdá 20, ìyípadà nínú iye iléeṣẹ́ kékeré tó rí iṣẹ́ gbà sì ń kó ìdá 10 tó kù. Àjọ tó bá dé ibi tí wọ́n fi sí gba A, èyí tó bá fi ìdá 20 kọjá rẹ̀ gba A+.

Ìdá 10 yẹn kéré jù. Àjọ lè pàdánù ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré lọ́dún kan, kí owó tó ń san fún ìwọ̀nba tó kù sì pọ̀ tó láti mú A wálé.

Kí ni ìyà àjọ tó bá kùnà?

Kò sí owó ìtanràn, kò sì sí ẹni tó ń gba ìṣúná rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ní kí ó kọ àlàyé ìdí tó fi kùnà ránṣẹ́ sí SBA, pẹ̀lú ètò bí yóò ṣe tún un ṣe, kí SBA sì kó gbogbo rẹ̀ jọ fún Ààrẹ àti Ilé Aṣòfin. Ìtìjú ni ohun èlò tó kù. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí a ti lè rò lọ, nítorí pé àwọn ìgbìmọ̀ okòwò kéékèèké ní ilé aṣòfin méjèèjì a máa pe àwọn olórí àjọ wá ṣàlàyé ní gbangba.

Bí àjọ bá ti lé àfojúsùn rẹ̀ bá kí ọdún tó parí, ṣé ó lè dáwọ́ dúró?

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn ìbéèrè yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Kingdomware. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ológun-fẹ̀yìntì wà lábẹ́ òfin ọdún 2006 kan tó ní kí ó ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ àwọn ológun-fẹ̀yìntì nígbàkígbà tó bá dájú pé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn lè dá owó iṣẹ́ náà ní iye tó tọ́. Ìjọba ní nítorí kí wọ́n lè lé àfojúsùn bá ni òfin náà ṣe wà, pé bí wọ́n bá ti lé e bá, dandan ti kúrò níbẹ̀. Gbogbo adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé dandan ni láti yà á sọ́tọ̀ bóyá wọ́n ti lé àfojúsùn bá tàbí wọn kò tíì lé e bá.

Iléeṣẹ́ yẹn nìkan ni òfin náà dè. Ṣùgbọ́n irú ìlànà iléeṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin ìrajà fún gbogbo àjọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àfojúsùn tó ti pé ni àwáwí láti pa á tì.

Báwo ni èsì ṣe rí láti ẹ̀yìn wá?

Ọdún ìṣúná 2013 ni ìjọba lódindi tó lé ìdá 23 bá fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́jọ. Ìdá 23.39 ni èsì ọdún náà, owó rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 83.1 dọ́là. Láti ìgbà náà, kò tíì jábọ́ sísàlẹ̀ mọ́. Ní ọdún ìṣúná 2022, ó dé ìdá 26.5, ìyẹn bílíọ̀nù 162.9, ní 2023 sì ni ó di ìdá 28.4, bílíọ̀nù 178.6.

Àwọn obìnrin kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ lé ìdá 5 tiwọn bá, wọ́n tún lé e bá ní 2019, ṣùgbọ́n ní 2023 wọ́n tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. HUBZone ní tirẹ̀ kò tíì dé ìdá 3 rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi sí i. Ohun tó ń dá a dúró ni pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ tó jẹ́ pàtàkì jù ní agbègbè náà, kí ó kéré tán ìdá 35 nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì máa gbé ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń yan agbègbè ń yí padà, òṣìṣẹ́ ń kó lọ síbòmíràn, iléeṣẹ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n lónìí sì lè má kúnjú rẹ̀ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dé.

Bí owó ṣe ń pọ̀ sí i yìí, ṣé àwọn iléeṣẹ́ tó ń rí iṣẹ́ gbà náà ń pọ̀ sí i?

Rárá o. Láàárín ọdún 2010 sí 2019, iye iléeṣẹ́ kékeré tó ń gba iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dínkù gidigidi nígbà tí owó ń ròkè. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni ìlànà kíkó ìrajà jọ, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn àjọ máa ra ohun kan náà lábẹ́ àdéhùn ńlá díẹ̀ kí owó lè dín. Iléeṣẹ́ kékeré tó bá wà nínú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yóò máa gbèrú, èyí tí kò sí nínú rẹ̀ kò ní rí ilẹ̀kùn kankan kàn. Àṣẹ tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 tún ní kí wọ́n kó ìrajà àwọn ohun gbogbogbòò lọ sábẹ́ àjọ GSA, ìyẹn àjọ tó ń bá àwọn àjọ ìjọba yòókù ra nǹkan. Lójú àfojúsùn tó ń ka dọ́là, kò sí ìyàtọ̀ nínú kí iléeṣẹ́ mẹ́wàá pín mílíọ̀nù mẹ́wàá àti kí ọ̀kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ lọ, èmi sì rí i bí àbùkù tó tóbi jù nínú ètò yìí.

Báwo ni olówò kékeré ṣe lè lo ìmọ̀ yìí?

Ìwé èsì àjọ kọ̀ọ̀kan wà fún gbogbo ènìyàn láti kà, ó sì máa ń fi ẹ̀ka tí àjọ náà ti ń kùnà hàn. Àjọ tí èsì rẹ̀ lórí HUBZone tàbí lórí iléeṣẹ́ obìnrin bá wà nísàlẹ̀ lọ́dún méjì léraléra ní ìdí láti gbọ́ ohun tí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ní í sọ. Ọ́fíìsì okòwò kéékèèké inú àjọ náà ni kí olówò kọ́kọ́ lọ, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń buwọ́ lu iṣẹ́, nítorí pé òfin ní kí ọ̀gá ọ́fíìsì yìí máa jábọ̀ fún olórí àjọ tàbí igbákejì rẹ̀ ní tààràtà. Ọ̀pọ̀ àjọ a tún máa gbé àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n ń retí láti gbé jáde lọ́dún tó ń bọ̀ síta, ìgbà tí wọ́n sì ń ṣe ìwádìí ọjà lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pinnu bóyá kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá dáhùn ìwádìí ọjà náà ń fi ẹ̀rí lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ pé iléeṣẹ́ kékeré méjì wà tó lè ṣe é. Iléeṣẹ́ tó bá dúró di ìgbà tí ìkéde iṣẹ́ jáde yóò sábà bá a pé wọ́n ti pinnu irú ẹni tí yóò du iṣẹ́ náà.